Okun

Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó wa kò ní tapólì.
Bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tí n kò tíì tún ṣe tán,
bàtà Àyọ̀ká, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo
(èkejì ń bẹ lọ́dọ̀ òkun l'Ágbádárìgì,
kò sì gbà kí a ju èyí tó kù nù):
okùn ọ̀rá ni mo fi dì wọ́n pọ̀,
okùn tí bàbá onílé yá mi
pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó ti rí ayálégbé mìíràn.

"Ìyàwó ni wọ́n gbé níṣẹ́ lọ, ìwọ lo ń tẹ̀lé e?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní kò síbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ti í bàjẹ́.
Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti há ìdáhùn yẹn sórí,
síbẹ̀ inú mi ń lọ́, bí ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ kọ̀ láti wọlé.

Nígbà tí a kọjá Ọ̀mùò, àwọn òkè dìde,
òkúta dúdú, wọ́n jókòó bí àgbà
tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Bọ́sẹ̀dé gbé Tẹ́jú sókè kó rí wọn.
Èmi ń ka òpó iná tí kò ní wáyà.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Kabba.
Ọmọkùnrin mẹ́rin tí a kò bẹ̀ ti di fìríìjì mú.
"Okun o!" "Okun o!" láti ojúlé dé ojúlé.
Àyọ̀ká jí, ó nu itọ́ ẹnu,
ó wọ̀tún, ó wòsì:
"Dádì, òkun ọ̀hún dà?"
Ìyá Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.
"Okun inú egungun là ń kí yín, ọmọ mi,
kì í ṣe èyí tó ń gbé bàtà lọ."

Lóru ọjọ́ yẹn mo gbọ́ ìró aago ọwọ́ mi,
ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí mo ti rà á.

Bọ́sẹ̀dé ń lọ gbẹ̀bí, ó ń bọ̀ láàárọ̀,
òórùn Ísáàlì lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ tuntun lẹ́nu rẹ̀.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù,
èmi àti agolo òróró.
A jà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́.
Mo ní mò ń padà. Ó ní ẹrù nìyẹn,
okùn nìyẹn, òun ò di ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.
Ó sì lọ síbi iṣẹ́.
Mo dúró, mo wo okùn náà. Tẹ́jú ń sunkún. Mo se ògì.

Lọ́jọ́ kejìlá Màmá Medùbí ru ẹ̀rọ kan wá,
eku ti bímọ sínú àpótí rẹ̀.
Ààbọ̀ owó ló san.
Ó fi iṣu márùn-ún dí ìyókù,
àti kajú garawa kan
tí oje rẹ̀ ba ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ títí dòní.
Ṣé kí n sọ pé ó tó? Kò tó.
Ṣùgbọ́n lọ́la rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ru tirẹ̀ náà wá.

Bàbá onílé pè mí lánàá láti Ṣómólú.
Kò béèrè ọmọ, kò béèrè aya:
okùn òun dà?
Mo wo ẹ̀yìnkùlé.
Aṣọ iṣẹ́ Bọ́sẹ̀dé, ìlédìí mẹ́fà,
bàtà ẹsẹ̀ kan tí Àyọ̀ká fọ̀ fúnra rẹ̀,
ọyẹ́ ń fì wọ́n síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀.
Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí.
Ó ti di nǹkan mìíràn mú."