Ẹ̀yìn Rélùwéè

Ọdún tí Bàbá pé méjìléláàádọ́rin
mo ní kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ mi n'Ílọrin.
Mo ti kun yàrá ìsàlẹ̀, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì
tí kò ga, nítorí orúnkún Ìyá.
Ìyá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti Tógò dé
sẹ́yìn rélùwéè, wọn ò tíì mọ ọ̀nà ọsibítù."

Bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn nìyẹn.
Ogójì ọdún ni wọ́n fi jíṣẹ́ Olúwa kiri,
ilẹ̀ Ìbàrìbá ni wọ́n bí mi sí.
Mo rò pé agogo ara ògiri tí ìjọ fi dá wọn lọ́lá
ti parí ọ̀rọ̀.

Kí ló wà lẹ́yìn rélùwéè Òṣogbo?
Páànù. Koríko tó ga ju ọmọdé lọ.
Ojú irin tó ti dógùn-ún, tí ewúrẹ́ ń sùn lé.
Àwọn ọkùnrin tí ń gbé bíríkì,
àwọn obìnrin tí ń fọṣọ onílé l'Ókè-Fìà,
tí gbogbo wa ń pè ní Àgànyìn
bí ẹni pé ìyá kan ló sọ gbogbo wọn lórúkọ.
Ẹ̀wà wọn nìkan la mọ̀.

Ìyá bèèrè orúkọ. Ó kọ ọ́
sínú ìwé kékeré tó fi ń ṣọ́ ìtọ̀ ṣúgà Bàbá:
Akúvi, oyún oṣù méje.
Mẹ́ńsà, ẹsẹ̀ tó wú.
Yáwá, kò ní ìwé ìrìnnà, ó fẹ́ràn ògì.
Bàbá, mẹ́rìndínláàádọ́jọ, ó tún mu mílò.

Bàbá ń kọ́ èdè wọn bí ọmọ iléèwé,
pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.
Ó wàásù lọ́jọ́ kan, ó ṣi ohùn gbé,
ni gbogbo bẹ́ńṣì bá wó fún ẹ̀rín.
Títí dòní wọn ò tíì sọ fún un
ohun tó fi Jésù pè.

"Apé" ni wọ́n ń wí: ọpẹ́ ni lédè tiwọn.
Etí Bàbá ń gbọ́ ọ sí "a pé".
Ẹnì kan á gba abọ́ ìrẹsì, á ní "apé",
Bàbá á wò yíká, á ní,
"Rárá o, Mẹ́ńsà ò tíì dé."

N ò ní purọ́, ó dùn mí.
Bí mo bá pè lálẹ́ Sátidé,
ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé fóònù.
Inú fọ́tò làwọn ọmọ tèmi ti mọ̀ wọ́n.

Òjò oṣù Kẹsàn-án, omi gba gbogbo ọ̀nà,
Akúvi ń rọbí. Orúnkún Ìyá kọ̀.
Kójó agbébíríkì bẹ̀rẹ̀, ó pọn ìyá mi,
ìyá mi gbé àpò ìgbẹ̀bí karí,
Bàbá ń tan tọ́ọ̀ṣì níwájú,
ojú ọ̀run ló ń tàn án sí.
Ọmọ náà kò tètè ké.
Ìyá gbá a nídìí. Ó tún gbá a.
Ó ké.

Oṣù tó tẹ̀ lé e làwọn Imigiréṣọ̀n wá,
wọ́n mú Yáwá lórí ojú irin,
àpò bíríkì òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko
Ìyá ń po ògì rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀,
ó ń da èyí tó dì fún adìẹ.

Kérésì ni mo tó lọ.
Wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ńṣì.
Ọmọbìnrin kan gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́,
mo gbìyànjú, mo ní, "Apé."
Bàbá gbórí sókè. Ó yọ pẹ́ńsù,
ó ń ka orí kọ̀ọ̀kan.
Ó kan tèmi, ó dúró díẹ̀,
ó kà mí mọ́ wọn.
Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó ku Yáwá," ó ní.
"Ó ku Yáwá."