Ọgọ́sàn-án Pọ́ùn

Ọgọ́sàn-án pọ́ùn ló wà nínú agolo bísíkítì,
Fẹ̀hìntọ́lá ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní, "Bó bá fi kọ́bọ̀ kan lé,
inú ẹran ọbẹ̀ rẹ ni mo ti máa yọ ọ́."
Mo ní mo gbọ́.

Òjò Halifax ń fọ òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì.
Alùpùpù náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan,
BSA, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó jù mí lọ,
táńkì rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ṣiṣẹ́ òru.
Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì.
Àmọ́ bí mo bá gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lójú pópó olókùúta
tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa,
eyín mi a máa ka ara wọn.
Kòtò kékeré a bi mí léèrè,
kòtò ńlá, ọrùn mi ni yóò dáhùn.

Mo ti rí ṣọ́ọ̀kì tuntun nínú ìwé ìtajà,
aláwọ̀ wúrà, ó ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín,
irinwó pọ́ùn ó lé márùndínlọ́gbọ̀n.
Mo wo àwòrán rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.
Mo pa ìwé dé.

Sugden ló bi mí pé, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?"
Ẹni ọgọ́rin ọdún, bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo ayé tún ṣe.
Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n bó bá mú ife tíì,
kì í gbọ̀n bó bá mú sípánà.
Ó so okùn ike mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì,
ó ní kí n gùn ún, kí n jókòó bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́,
kí n má fa ikùn wọlé.
Okùn náà sáré gòkè.
Ó fi rúlà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ṣe sípíríǹgì yìí fún."
Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.
Oṣù mẹ́fà ni mo fi bú alùpùpù,
èmi ni mo sanra.

Sípíríǹgì iwájú, méjìlélógójì.
Ọ́ìlì tó ki ju ti tẹ́lẹ̀, mẹ́rìnlá.
Rọ́bà tí kì í jẹ́ kó jò, mẹ́jọ. Búùṣì apá ẹ̀yìn, mọ́kànlá.
Páìpù tí mo gé láti fi ti sípíríǹgì lórí,
ọ̀fẹ́ ni, ìyókù balùwẹ̀ wa ni.
Ó ku ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Àlòkù ni mo rà, ní pápá kan nítòsí Keighley,
lọ́wọ́ obìnrin kan tó wọ bàtà òjò.
Ó pe ọgọ́fà, mo pe ọgọ́rin,
ó wo ojú ọ̀run, èmi náà wò ó,
a pàdé ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù,
ó dúdú, ó ń rùn bí ẹja tó ti sùn mọ́jú,
ni mo rántí Bàbá, àti Honda rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé.
Mẹ́rin la máa ń wà lórí rẹ̀ lọ sóko, èmi lórí táńkì.
Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi.
Ẹ̀yìn Bàbá ni ṣọ́ọ̀kì.
Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀ mọ́.
A rò pé ọjọ́ orí ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lójú pópó olókùúta.
N kò ní purọ́, kò di ibùsùn.
Ó ṣì gbá mi nídìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì.
Ṣùgbọ́n eyín mi wà láyè wọn,
Fẹ̀hìntọ́lá sì wà lẹ́yìn mi,
ẹni tó ti búra pé òun kò ní gun nǹkan náà láéláé.
Ó ní, "Ó mà dára o. Mo ríbi fẹ̀yìn tì."

Pọ́ùn mẹ́wàá ló kù nínú agolo.
A fi ra ẹja díndín ẹyọ kan,
a jẹ ẹ́ lórí ìjókòó alùpùpù, nínú òjò.