Ohùn Inú Okùn

Eyín mọ́kàndínláàádọ́ta, dúdú àti funfun,
kíbọ́ọ̀dù mi kò ní ọ̀fun.
Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́,
ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ju kọ̀, kọ̀, kọ̀,
bí ìka ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé tó ti sùn.

Inú fóònù ni dùùrù wà.
Ibẹ̀ ni fèrè wà, ibẹ̀ ni gòjé wà,
okùn kan ṣoṣo ló ń ṣe alárinà wọn,
okùn tí mo rà ní Ìkẹjà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan
tó búra lẹ́ẹ̀mẹta pé ojúlówó ni.
Ojúlówó náà ń ṣiṣẹ́,
bí a bá tẹ ọrùn rẹ̀ sápá òsì,
bí a bá fi rọ́bà dì í,
bí ẹnikẹ́ni kò bá mí.

Mo ti gbìyànjú láìlo okùn rí.
Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ kúrò,
mo ti ń ronú nǹkan mìíràn kí ohùn tó dé,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó yà wo bọ́ọ̀lù.
Jàmíù onílù ní, "Ọ̀gá, èmi ti parí orin o,
ẹ̀yin ò tíì wọlé."

Alẹ́ Sátidé, lórí òrùlé ilé alájà mẹ́ta
ní òpópónà Kánò, Èbúté Mẹ́ta.
Èèyàn tó ogójì, àga ò kárí,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ nísàlẹ̀.
Mosúnmọ́lá ti di ojú, ó wà ní ẹsẹ̀ kejì,
mo ń fi gòjé tẹ̀ lé e, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́,
bátìrì ku mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún,
ni fóònù bá gbọ̀n.

Mo ti gbàgbé àmì ọkọ̀ òfuurufú kékeré yẹn.
Ìka mi fẹ́ kọ ìpè náà; òógùn mú un yọ̀,
ó bọ́ sórí àwọ̀ ewé.
Gòjé dákẹ́.
Sípíkà méjèèjì gba ohùn ìyá mi láti Ẹ̀pẹ́:
"Dúró!"

Jàmíù dúró.
Mosúnmọ́lá la ojú.
Ọkùnrin tó ń gbé bíà lọ sẹ́nu dúró tòun tìgò lọ́wọ́.
"Dúró, ṣé o ti jẹun?"

Dúróṣinmi ni wọ́n sọ mí.
Mẹ́ta ló wá ṣáájú mi, tí wọn ò jókòó.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí obìnrin yìí ti ń pàṣẹ fún mi,
tó ti ń bẹ̀ mí, nínú ọ̀rọ̀ kan náà,
èmi sì rò pé ó kàn ń pè mí ni.

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Kò tíì jẹun o, Mà!"
Ẹ̀rín sọ lórí òrùlé.
"Ta nìyẹn? Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"
Ìka mi ṣì wà lórí eyín tí kò dún mọ́.
Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Ní báyìí, kí n tó ki okùn bọ fóònù,
mo kọ́kọ́ ń pè é.
Mo ń sọ ohun tí mo jẹ, àti iye ẹran.
Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú,
tí mo ń fi rọ́bà di ọrùn okùn,
tí mo sì ń dúró.