Bọ́tìnì

Wọ́n ní kí Gunnvor dúró gbọnrangandan níwájú ẹ̀rọ,
wọ́n gbé ife omi funfun lé e lọ́wọ́, ó ki bí ògì.
"Gbé e mì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i."
Mo rí i lójú ẹ̀rọ wọn: omi náà ń sọ̀ kalẹ̀,
ó dé agbedeméjì àyà, ó dúró
bí àlejò tí kò mọ ilé tí yóò yà sí,
ó tún gbọ̀nà ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín bọ ihò imú rẹ̀.
Apẹja ni mí, mo mọ okùn ìwọ̀;
n kò rò pé n ó rí i lẹ́nu ìyàwó mi.
Wọ́n so àpótí kékeré mọ́ ọn ní ìbàdí.
Bí àyà bá ta ọ́, tẹ bọ́tìnì.
Bí omi kíkan bá gun ọ̀fun, tẹ̀ ẹ́.

A wakọ̀ padà sí Vardø nínú yìnyín.
Ó jẹ ànàmọ́ díẹ̀, ó mu kọfí,
ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́.

Lóru,
kẹ́.
Aago méjì kọjá díẹ̀: kẹ́, kẹ́.
Mo ka mọ́kànlá,
nínú oṣù Kejìlá wa tí ilẹ̀ kì í mọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí ibùsùn kan náà.
Mo máa ń sọ fún àwọn ará ọkọ̀ pé
oorun Gunnvor dùn, kì í ráhùn.
Ibi tó ń ta á kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan sí etí mi lọ.

Mo dìde jókòó.
Mo fa ìrọ̀rí mi yọ, mo kì í sábẹ́ tirẹ̀.