Omi Inú Apẹ̀rẹ̀

Wọ́n dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ogójì apẹ̀rẹ̀,
wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí èèyàn jókòó lé,
okùn dì wọ́n mọ́ra, ìwé aṣọ́bodè lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn.
Láti Bọ́lígà ni, lápá àríwá Gáná,
níbi tí koríko ti ń ga ju ọmọdé lọ.
Orí òkun ni wọ́n gbà dé àfonífojì Anápólíìsì,
ní Nofa Skóṣà, nínú ṣọ́ọ̀bù oko Ìyáàfin Corkum,
láàárín ápù, oyin, àti ọ̀dùnkún tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti jí wọn.
Mo pọn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọpọ́n tí a fi ń fọ kárọ́ọ̀tì,
mo rì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ka ọgọ́rùn-ún, mo fà wọ́n jáde,
mo fi ìkúùkù ti inú wọn títí ikùn wọn fi yọ.
Nílé, bí a bá fẹ́ pe èèyàn ní òmùgọ̀,
a ní ó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.
Ẹ wá wò mí o, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí,
èmi àti omi àti apẹ̀rẹ̀, láti aago méje òwúrọ̀,
wọ́n sì ń sanwó fún mi.

Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ lára, koríko á mí.
Òórùn rẹ̀ á jáde, ti ẹ̀rùn, ti eruku, ti èéfín díẹ̀,
ti ọwọ́ tí a fi òrí pa.
Níta, ìrì dídì funfun lórí koríko tibí.
Mo dúró. Mo gbàgbé iye tí mo kà dé.

Ìwé kékeré kan wà létí rẹ̀:
“Ayinpoka ló hun mí.” Ìyẹn nìkan.
Kò sọ bóyá ó bímọ, kò sọ bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún.
Ayinpoka, èló ló kàn ọ́
nínú dọ́là méjìdínlọ́gọ́ta tí mo lẹ̀ mọ́ ọn yìí?
Ìyáàfin Corkum ní òwò àìrẹ́nijẹ ni,
ó fi ìwé ẹ̀rí hàn mí, mo kà á, mo gbà á gbọ́,
bí a ti í gba ìròyìn òjò gbọ́
nígbà tí a kò rí omi lára ẹni tó mú un wá.

Bàbá kan wọlé, ẹrẹ̀ bo bàtà òjò rẹ̀.
Ó ń wá ohun tí yóò máa kó ẹyin sí.
Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sókè, ó yí i, ó wò mí lójú:
“Ṣé ìwọ lo hun ún?”
Èmi! Èmi tí mo kàwé ìṣirò owó n’Ílọrin,
tí n kò lè di irun ara mi.
Ìyá-ìyá mi ló mọ̀ ọ́n hun. Ó pè mí títí,
“Wá jókòó kí n kọ́ ọ.” Mo ní mo ní ìdánwò.
Ó kú. Ìdánwò náà, mo yege.

Mo ní, “Rárá, sà. Orúkọ ẹni tó hun ún nìyí.”
Ó kà á, ó ṣì í kà, ó tún un kà.
Mo kọ́ ọ: A-yin-po-ka.
Ó pè é sókè láàárín àwọn ápù,
ó sanwó, kò ná an rárá,
ó jáde, ó ń sọ ọ́ fún ajá rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó ku mọ́kàndínlógójì.
Omi ti tutù. Mo lọ pọn òmíràn.