Táwẹ̀lì Èjìká Mi

Fáwàsì ọmọ ọmọ mi gbé fóònù sí mi lójú
lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Láfíàjì.
"Bàbá àgbà, ẹ wo akọni!
Ó ga bí òpó iná ojú pópó Bámgbóṣé,
apá rẹ̀ á ti kanlẹ̀kùn ọ̀tá kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀.
Àwọn tiyín ayé ọjọ́un, ta ló lè dúró níwájú eléyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó.
Mo ní, ọmọdé lè láṣọ tó ti àgbà...
Ó bá mi parí ìyókù, ó fẹ́ kí n yára.

Ráúǹdù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún là ń jà nígbà tiwa.
Irun ẹṣin ló wà nínú ìbọ̀wọ́;
bó bá fi máa di ráúǹdù kẹjọ, irun á ti sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
egungun á wá máa bá egungun sọ̀rọ̀.
Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá gbà á, òun náà nìyẹn.
Lónìí, mẹ́rin: ọba mẹ́rin lórí ìtẹ́ kan,
tí kálukú ń sá fún ẹnì kejì
títí agbẹjọ́rò á fi kawó tán.

Jíńádù Ìdákọ̀ró ni tèmi.
Alábàárù ni, ní èbúté Àpápá,
á gbé àpò kòkó méjì lẹ́ẹ̀kan bí ẹni dé fìlà.
Kò mọ ohun tó ń jẹ́ dókítà oúnjẹ.
Ẹ̀bà lálẹ́, ẹyin tútù méjì láàárọ̀,
á ti sáré yí Kámpọ́ọ̀sì ká lẹ́ẹ̀mẹwàá
kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán.
Ọwọ́ òsì rẹ̀! Ọmọ, mi ò parọ́,
ó fi ba ọkùnrin kan níhà,
ọkùnrin yẹn ń mí bí èkúté tó kó sínú ike.

Èmi ń kọ́? Èmi ni mo ń gbé garawa.
Yìnyín, fasilíìnì, òwú,
táwẹ̀lì funfun kan léjìká.

"Ọgọ́fà kílò ni tèmi yìí, ó sì ń fò bí ẹyẹ."
Jíńádù kò ju mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lọ.
Lónìí, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ìpele àwọn òmìrán rárá.
Mo mọ̀. Mi ò sọ ọ́.

Nínú fóònù, rẹfirí ṣàdéédé ká ọwọ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn,
ó ní ó tó.
Nítorí ojú kan tó ṣẹ̀jẹ̀! Ráúǹdù kẹfà!
Mo pòṣé. "Ẹ̀yin ojo. Nígbà tiwa..."
Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun.

Nígbà tiwa, ní pápá Sùúrùlérè,
ojú ọ̀run ṣú, ráúǹdù kẹtàlá parí,
Jíńádù wá jókòó sórí àpótí,
ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pè mí.
Mo fi yìnyín sí i lọ́rùn.
Ogún náírà mi wà lórí ìjà yẹn.
Agogo dún.
Mo ní, "Dìde."
Táwẹ̀lì wà léjìká mi, ó funfun báláú.
Jíjù kan péré ni.

Ó kúkú borí. Wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ìlú hó yèè.

Òkè Pópó ló wà báyìí.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé ife tíì sẹ́nu,
torí ọwọ́ òsì yẹn ń gbọ̀n.
Bí mo bá lọ kí i lọ́jọ́ Jímọ̀, á bi mí pé,
"Ráúǹdù mélòó ló kù?"

"Bàbá àgbà, ta ló máa borí, nínú tiyín àti tèmi?"
Mo wọlé, mo ṣí àpótí,
mo mú un jáde, ó ti pọ́n rúsúrúsú.
Àkísà mi rèé. Mo tẹ́ ẹ lé e lórúnkún.
"Jíńádù ni," ni mo wí.
Lẹ́yìn náà mo ní kó dá fóònù padà sẹ́yìn,
síbi tí rẹfirí ti ká ọwọ́ mọ́ ọmọ yẹn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó.