Iyọ̀ Ojú Títì

Hedley ní iṣẹ́ wákàtí kan ni.
Ó gbé mọ́tò sórí jáàkì lẹ́yìnkùlé,
ó tú táyà ọ̀tún, ó fi í ti ara ògiri,
ó ní kí n wá bá òun tan tọ́ọ̀ṣì.
Wákàtí kan. Èmi náà gbà á gbọ́,
mo fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò ẹja.

Ní erékùṣù Fógò tiwa, láti Oṣù Kejìlá títí yìnyín fi ń tán,
ọkọ̀ ìjọba a máa fọ́n iyọ̀ sójú títì bí ẹni ń fọ́nká fún adìyẹ.
Iyọ̀ tí kò jẹ́ kí táyà ó yọ̀
ni kò jẹ́ kí ṣáàfù ó yọ.
Ó ti wọ inú họ́ọ̀bù lọ, òun àti ìpáàrà,
eyín irin ti wọnú eyín irin,
wọ́n ti di ẹnu kan.

Nọ́ọ̀tì ńlá àárín, ó tú u. Ìyẹn gbọ́ràn.
Ó wá gbé òòlù.
"Bàbá, ẹ dá nọ́ọ̀tì yẹn padà sórí rẹ̀ ná,
kí orí ṣáàfù má baà bàjẹ́."
Dulcie ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ó jókòó sórí korobá, ó ń jẹ bisikíìtì.
Hedley ò dáhùn. Gbàù. Gbàù.
Òòlù ń ta padà bí àlejò tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà.
Gbàù. Orí ṣáàfù tẹ́, ó ya bí olú,
Hedley náà tẹ́.

A da epo sí i. A fi iná gáàsì jó o títí ó fi pọ́n.
Mo gbọ́ tó ń bẹ̀ ẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
ọkùnrin tí kò tíì bẹ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,
láti ọjọ́ tíyẹn ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní Albẹ́tà.
Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀.
Mọ́tò rẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, Selby Budgell gbé irinṣẹ́ ìfàyọ wá,
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí akàn tí ebi ń pa.
Dulcie ló fi há họ́ọ̀bù. Ó yí i, ó yí i,
títí sípánà fi ń han, ó sì dáwọ́ dúró.
"Ó tó. Ẹ jẹ́ kó máa rò ó."
Bàbá rẹ̀ fẹ́ yí i sí i. Ó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.
A jẹ ẹja tó ti jóná nísàlẹ̀.

Aago méjì òru kù díẹ̀, nǹkan dún lẹ́yìnkùlé
bí ẹni yìnbọn sí agolo.
Mo bá wọn níbẹ̀, bàbá wọ bàtà òjò sí aṣọ oorun,
ọmọ ń tan iná.
Ṣáàfù ti jáde, ìwọ̀n ìka kan péré.
Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.
Òtútù ni, tàbí epo, tàbí ìrònú, n ò mọ̀.
Hedley kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan ibi tó ń dán náà,
irin tí kò tíì rí afẹ́fẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.
Ó ní, "Kí ni mo máa sọ fún un?"

Dulcie ní, "Bàbá, tuntun wà nínú páálí."
Ó ní, "Mo mọ̀."
Kò dìde.